Ohun Tó Wà Nínú Fóònù Sàlámì

Àwọn kan wà ní Ìfọ̀nyìn wa yìí, tí ìjọba ń kọ ní Ifangni, tí wọ́n ń sọ káàkiri pé kọ̀ǹpútà ló fẹ́ ìyàwó fún Àbdùlàzéèzì. Ẹ má dá wọn lóhùn. Kọ̀ǹpútà kò lẹ́sẹ̀. Èmi Ràbíátù tí mò ń ta òkìrìká ní Ìgólò ni mo rin ìrìn náà. Èmi ni mo jẹ ìwọ̀sí lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, èmi náà ni mo gun zẹ́mì, ọ̀kadà akérò wa, nínú òjò títí gèlè fi lẹ̀ mọ́ mi lórí. Alárinà ni wọ́n ń pe irú wa. Ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ ìrọ̀rùn ni, kó wá gbà á lọ́wọ́ mi.

Fàúzíyàtù ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, Sàlámì. Àbígbẹ̀yìn ni, iṣẹ́ télọ̀ ló sì ń ṣe. Àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ti wà nílé ọkọ wọn. Ìyá wọn, Nàfísátù, ti dolóògbé, kí Ọlọ́run fi Alijánnà kẹ́ ẹ. Ó wá ku bàbá àti ọmọ nínú ilé tó tóbi jù wọ́n lọ. Ọmọ náà kì í rojọ́. Bí èèyàn bá rẹ́ ẹ jẹ, á kàn máa wo ẹni náà ni.

Nígbà tí Iléyá ń bọ̀ lọ́dún tó kọjá, ó wá sí Ìgólò láti ra bọ́tìnnì àti òwú. Èrò pọ̀ ní bodè, àwọn alárù ń ti èèyàn sọ́tùn-ún sósì. Kó tó dé ìsọ̀ mi, wọ́n ti yọ fóònù rẹ̀ nínú báàgì. Ẹkún ló ń sun nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, kì í sì í ṣe torí owó fóònù. Ìwọ̀n gbogbo oníbàárà rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀: àyà ẹni yìí, ìbàdí ẹni tọ̀hún, pẹ̀lú fọ́tò sítáìlì tí kálukú ní kó bá òun rán. Aṣọ Iléyá kún ilé bámúbámú, kò sì mọ bí yóò ṣe gé ẹyọ kan nínú wọn mọ́.

Mo pa ìsọ̀ mi dé. Mo fà á gun zẹ́mì, ó di Ìfọ̀nyìn, ó di ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí wọ́n ń pè ní sibẹ̀ẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tókópì, tí wọ́n sì ń fi kọ̀ǹpútà wọ íńtánẹ́ẹ̀tì fún èèyàn. Ẹni tó ń bójú tó ibẹ̀ ni Àbdùlàzéèzì, ọmọ ìlú Bánígbé. Mi ò mọ̀ ọ́n rí.

"Ẹ jókòó, Màmá," ló wí. Ó wo ojú Fàúzíyàtù tó ti pọ́n. "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Wọ́n ti jí fóònù mi," Fàúzíyàtù wí.

"Fóònù ni wọ́n jí. Ẹ jẹ́ ká wò ó bóyá wọ́n rí ohun inú rẹ̀ jí."

Ó wá ṣàlàyé fún wa. Ó ní ọ̀pọ̀ fóònù ló ń fi ẹ̀dà nọ́ńbà àti fọ́tò olówó rẹ̀ pamọ́ sí àyè kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kọ́ńtì ni wọ́n ń pe àyè náà. Bí èèyàn bá mọ àdírẹ́sì kọ́ńtì rẹ̀ àti kóòdù tó fi tì í, kọ̀ǹpútà yòówù kó jẹ́ lè ṣí i fún un, fóònù ì báà wà nísàlẹ̀ òkun. Ó fi ibi tí Fàúzíyàtù máa kọ ọ́ sí hàn án. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó yí àga rẹ̀ padà, ó jókòó, ó kọjú sí ògiri.

"Kí lo ń wò níbẹ̀?" mo bi í.

"Mi ò wo nǹkan kan, Màmá. Kóòdù wọn ni wọ́n fẹ́ kọ. Ohun tó bá sì jáde, tiwọn ni."

Ẹ wò ó, mo ti dàgbà. Mo ti rí ọkùnrin tó ń wo ibi tí kò kàn án. Èyí tó ń wo ògiri kí ó má baà rí ohun tí kò kàn án, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Fàúzíyàtù tẹ kóòdù rẹ̀, ó sì rí gbogbo wọn níbẹ̀, àyà, ìbàdí, sítáìlì, kò ku ọ̀kan. Ó sunkún, ó tún rẹ́rìn-ín. Láti ibi tó jókòó ni Àbdùlàzéèzì ti ń sọ fún un bó ṣe máa ti fóònù tó wà lọ́wọ́ olè pa, àti bó ṣe máa yí kóòdù padà, kò sì wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan.

Nígbà tí a ń lọ sílé, ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ yìí ló kọ́kọ́ lanu.

"Tàńtì, ẹ rí i pé kò wẹ̀yìn rárá?"

"Mo rí i."

"Rárá o, Tàńtì. Kò wẹ̀yìn rárá."

Mo ní háà, ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni Fàúzíyàtù ti ń ní ohun tó fẹ́ tẹ̀ sórí bébà. Lónìí fọ́tò sítáìlì, lọ́la fọ́tókópì káàdì ìdánimọ̀, lọ́túnla fọ́tókópì fọ́tókópì. Télọ̀ wo ló ń lo bébà tó bẹ́ẹ̀? Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí iná lọ, tí kọ̀ǹpútà kú, tí kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀, Àbdùlàzéèzì wò ó títí, ó sì ní, "Bí ẹnikẹ́ni bá gbé fóònù tó bàjẹ́ wá, mo mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ni mi ò mọ ibi tí mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀."

Fàúzíyàtù kó bébà rẹ̀ jọ. "Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Tàńtì mi," ló wí, ó sì jáde.

Bẹ́ẹ̀ ni ọmọkùnrin náà ṣe wá dọ̀bálẹ̀ lórí òkìrìká mi ní Ìgólò lójú gbogbo ọjà. Ó ní òun fẹ́ Fàúzíyàtù, kí n jọ̀ọ́ bá òun bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo ní kó dìde kúrò lórí ọjà mi kó tó rún un. Inú mi ń dùn, ṣùgbọ́n alárinà kì í tètè fi eyín hàn.

Ilé Sàlámì kọ́ ni màá sọ pé mo ti rí èrín. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń ṣa ẹyìn. Mo kí i, mo sọ ohun tó gbé mi wá.

"Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?" ló bi mí.

"Sibẹ̀ẹ̀ ló wà. Òun ló bá ọmọ yín rí ohun inú fóònù rẹ̀ tí wọ́n jí."

"Ṣé fóònù náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni?"

"Rárá. Lórí kọ̀ǹpútà ni."

Ó gbé ẹyìn ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Fóònù wà lọ́wọ́ olè ní Ìdí-Ìrókò lódìkejì bodè, òun jókòó sí Ìfọ̀nyìn, ó ń wo inú rẹ̀. Ràbíátù, ẹni tó lè wo inú fóònù èèyàn láìfọwọ́ kàn án, kí ni kò ní wò? Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lo fẹ́ kí n fi ṣe àna?"

"Kò wò ó, ẹ̀gbọ́n mi. Ògiri ló kọjú sí."

"Ògiri tí ìwọ rí nìyẹn." Ó tún mú ẹyìn rẹ̀. "Ó dáa. Màá wádìí."

Ìwádìí yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ wa. Bàbá ọmọbìnrin á fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sí ìlú àwọn ọkọ. Á bi ará àdúgbò léèrè bóyá àrùn kan wà nínú ìdílé náà, bóyá wọ́n ń jalè, bóyá wọ́n ń lu ìyàwó. Bó bá padà dé, ọ̀rọ̀ ṣókí ló máa sọ: ó ṣeé ṣe, tàbí kò ṣeé ṣe. Bó bá ní kò ṣeé ṣe, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ bi í léèrè ìdí rẹ̀, nítorí àṣírí ilé ẹlòmíràn ni, a kì í sì í tú u. Àṣà tó dáa ni, mi ò bú u.

Ẹ̀gbọ́n mi lọ sí Bánígbé. Ó pẹ́ níbẹ̀, ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú kó tó dé. Fàúzíyàtù ti wẹ̀, ó ti se ọbẹ̀, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni pé òun kò dúró de nǹkan kan. Bàbá rẹ̀ bọ́ bàtà, ó bu omi mu.

"Kò ṣeé ṣe," ló wí.

Ọmọ náà gbé oúnjẹ fún un, ó kúnlẹ̀, ó dìde. Inú yàrá rẹ̀ ló ti sunkún. Èmi dìde, mo lọ sílé mi, mi ò lè jẹ nǹkan kan.

Ẹ ò mọ ohun tí ọ̀rọ̀ ṣókí yẹn ṣe ní Bánígbé. Nígbà tí wọn kò sọ ìdí, àwọn èèyàn bá ara wọn wá a. Àwọn kan ní wárápá ló wà nínú ìdílé Àbdùlàzéèzì. Àwọn mìíràn ní bàbá rẹ̀, Àkàndé, ti jalè rí nígbà èwe rẹ̀. Hàsíátù, ìyá rẹ̀, obìnrin tó máa ń ṣáájú níbi ìsọmọlórúkọ, kò lọ síbi kankan mọ́. Ó ní bí òun bá ti jókòó báyìí, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun á sún kúrò.

Fàúzíyàtù náà bẹ̀rẹ̀ sí í ro ohun tí kò yẹ kó rò. Ó ń ránṣọ, ó ń dá dúró. Ó bi mí lọ́jọ́ kan bóyá ọkùnrin lè níyàwó síbì kan kó sì máa rẹ́rìn-ín bíi ti Àbdùlàzéèzì. Mo ní ó lè rí bẹ́ẹ̀. Kí ni kí n sọ? Mi ò lọ sí Bánígbé, bàbá rẹ̀ ló lọ.

Ó kù fẹ́ẹ́fẹ́ kí Ràmàdáánì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Fàúzíyàtù àti Àbdùlàzéèzì pàdé ní ìsọ̀ mi. Mo yíjú sí ọjà mi, mò ń ká ṣòkòtò tí mo ti ká tẹ́lẹ̀.

"Fàúzíyàtù, mi ò mọ ohun tí Bàbá gbọ́ nípa mi," Àbdùlàzéèzì wí. "Mo ti bi àwọn òbí mi, àwọn náà kò mọ̀ ọ́n. Wá sí sibẹ̀ẹ̀. Màá fún ọ ní àdírẹ́sì àti kóòdù mi. Jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, kí o wo gbogbo ohun tó wà nínú fóònù mi, ọ̀rọ̀, fọ́tò, nọ́ńbà. Èmi á bọ́ síta."

Ọmọ náà mi orí. "Mi ò ní wò ó."

"Kí ló dé?"

"Bí mo bá wò ó, á jẹ́ pé mo ti gbà pé nǹkan wà níbẹ̀."

Mo gbọ́ tí ọkùnrin náà mí kanlẹ̀. Ó ní ẹnì kan ní Kútọnu ti pe òun síṣẹ́, òun sì máa lọ lẹ́yìn Ràmàdáánì. "Mi ò lè máa wo ìyá mi bó ṣe ń jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn," ló wí. "Bí mo bá kúrò nílẹ̀ yìí, bóyá wọ́n á gbàgbé. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Ṣùgbọ́n mi ò ní jí ọ gbé lọ mọ́ bàbá rẹ lọ́wọ́, o mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Mo mọ̀," Fàúzíyàtù wí. Nígbà tó lọ tán ló tó bú sẹ́kún sórí òkìrìká mi, mo sì jẹ́ kó sun ún dáadáa.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀, ọwọ́ ẹnikẹ́ni kọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti Ìgólò ń bọ̀ lórí zẹ́mì, fóònù rẹ̀ yọ́ bọ́ nínú àpò agbádá, ọkọ̀ tó kó sìmẹ́ǹtì sì gùn ún mọ́lẹ̀. Ó ṣa á, ó di í sínú áńkáṣíìfù, ó gbé e wá bá mi nílé. Mo rò pé ẹnì kan ló kú.

"Nàfísátù wà nínú rẹ̀," ló wí.

Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé inú fóònù yẹn nìkan ni fọ́tò ìyàwó rẹ̀ wà. Kò tẹ̀ ẹ́ sórí bébà rí. Lálaalẹ́ ló máa ń wò ó kó tó sùn. Sàlámì sunkún níwájú mi, èmi tí mi ò rí omi lójú rẹ̀ níbi òkú obìnrin náà. Mo jẹ́ kó nu ojú rẹ̀ tán kí n tó sọ̀rọ̀.

"Ọmọ Bánígbé yẹn ṣì wà ní sibẹ̀ẹ̀."

Ó ká áńkáṣíìfù náà mọ́ fóònù. "Fàúzíyàtù ni yóò tẹ kọ̀ǹpútà. Ọmọkùnrin yẹn kò gbọ́dọ̀ wò ó."

"Ẹ ò ní nílò láti sọ ọ́ fún un," mo ní.

Àwa mẹ́ta la jọ lọ. Àbdùlàzéèzì dọ̀bálẹ̀ fún bàbá tó ba orúkọ ilé rẹ̀ jẹ́, kò fi ojú rẹ̀ sọ nǹkan kan. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó ní, "Dákọ̀ọ̀, mo ti gbọ́. Bàbá, ta ló ṣí kọ́ńtì fún yín nígbà tí ẹ ra fóònù náà?"

"Dáhùnsí tó ń ta fóònù ní Ìgólò. Òun ló ṣe gbogbo rẹ̀. Èmi kàn ń ya fọ́tò ni."

Mo fi fóònù mi pe Dáhùnsí. Kò tiẹ̀ béèrè ẹni tí mo jẹ́ kó tó fún mi ní àdírẹ́sì àti kóòdù. Àbdùlàzéèzì gbọ́ ọ, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Bàbá, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ sọ kí ẹ tó ṣí i."

"Kọjú sí ògiri," ẹ̀gbọ́n mi wí.

Ó kọjú sí ògiri. Fàúzíyàtù tẹ kóòdù, ojúewé ṣí, fọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Àkọ́kọ́ jẹ́ ti ọ̀dọ́bìnrin kan lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ró ìró mọ́ àyà, ó ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tó ń ya fọ́tò. Ìkejì, obìnrin náà gbé ọmọ jòjòló dání. Ìkẹta, ó ti ṣu ẹnu pọ̀ bí ẹni tó ń fi ẹnu ko èèyàn lẹ́nu.

Ọwọ́ Fàúzíyàtù dúró. "Bàbá, ta nìyí?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n."

"Ṣé fóònù yín kọ́ ni?" Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, ẹnu mi ti gbóná. "Ẹ̀gbọ́n mi, lálaalẹ́ ni ẹ ń wo fóònù, àṣé ohun tí ẹ ń wò nìyí. Ọmọ ta ló gbé dání?"

"Wàláì, mi ò mọ̀ ọ́n, Ràbíátù. Mi ò rí i rí láyé mi." Ọ̀rọ̀ náà ń jáde lẹ́nu rẹ̀ kátikàti. Ó na ọwọ́ sí ọmọ rẹ̀. "Fàúzíyàtù, o mọ̀ mí. Ṣé o lè gba irú nǹkan báyìí gbọ́ nípa mi?"

Ọmọ tí kì í rojọ́ bá wò ó. "Bàbá, wọ́n sọ pé kò ṣeé ṣe nípa ẹnì kan, wọn kò sọ ìdí rẹ̀. Gbogbo Bánígbé ló gbà á gbọ́. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn."

Kò pariwo. A bá gbọ́ ohùn Àbdùlàzéèzì láti ibi ògiri.

"Ẹ má bínú. Bàbá kò parọ́."

"Kí lo mọ̀ nípa rẹ̀?" mo bi í.

"Àwọn tó ra fóònù lọ́wọ́ Dáhùnsí ti ń wá síbí, Màmá. Kọ́ńtì kan ṣoṣo ló ṣí fún gbogbo wọn. Ohun tí gbogbo wọn bá yà, ojú kan náà ló ń kó jọ sí. Lọ́jọ́ sí, ìyá kan bá ewúrẹ́ ẹlẹ́wúrẹ́ láàárín fọ́tò ọmọ rẹ̀. Ẹ yí i wálẹ̀, ẹ ó rí àwọn èèyàn tí kò bá ara wọn tan."

Fàúzíyàtù yí i wálẹ̀. Lóòótọ́ ni. Ọlọ́kadà kan jókòó sórí ọ̀kadà tuntun. Ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì tò lọ rẹrẹ. Àpò gaàrí, ẹsẹ̀ tó wú, ìyàwó ilé kan tó ń fi àga tuntun hàn. Mo tún pe Dáhùnsí, mo jẹ́ kí gbogbo wa gbọ́ ọ.

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀kan ni," ló wí, kò tiẹ̀ tijú. "Ṣé èmi ni n óò máa rántí kóòdù gbogbo ayé ni? Èyí tó gbé ọmọ? Clémentine nìyẹn, ìyàwó Mathias tó ń ṣẹ́ owó ní bodè. Ọkọ rẹ̀ ló yà á. Wàlá, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Mo mọ Mathias. Èmi ni mo ta aṣọ tí ọmọ náà wọ̀ fún wọn. Mo pa fóònù, mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi má bínú. Kò gbọ́ mi. Ẹ̀yìn Àbdùlàzéèzì ló ń wò.

"O lè dákẹ́," ló sọ fún un. "Ohun tí mo ṣe fún ọ, o lè jẹ́ kó ṣe èmi náà."

"Kì í ṣe òótọ́ ni, Bàbá. Mi ò lè jókòó síbí kí wọ́n máa wò yín bẹ́ẹ̀."

Fàúzíyàtù ń yí fọ́tò lọ, ó ń wá ìyá rẹ̀. Ló bá kan àgbàlá kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní àwọ̀ búlúù. Bàbá rẹ̀ jókòó níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àkàndé, bàbá Àbdùlàzéèzì. Wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, àwo ìrẹsì àti adìyẹ wà níwájú wọn, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín. Mo mọ ìgbà tó jẹ́. Agbádá tó wọ̀ lọ ṣe ìwádìí ló wà lọ́rùn rẹ̀.

"Má tẹ èyí tó kàn," ẹ̀gbọ́n mi wí.

Ọwọ́ Fàúzíyàtù ti tẹ̀ ẹ́. Fídíò ni. Ọ̀nà oko Bánígbé ló ń hàn, àti ilé náà lókèèrè, ohùn Sàlámì sì gba inú ṣọ́ọ̀bù.

"Nàfísátù, wò ó. Ilé tí ọmọ wa fẹ́ lọ nìyẹn. Mo ti bi gbogbo èèyàn léèrè. Kò sí àbùkù kan lára wọn. Wọ́n fún mi lóúnjẹ láìmọ ẹni tí mo jẹ́. Ọmọkùnrin náà, kò sí ẹni tí kò yìn ín. Nàfísátù, kí ni kí n ṣe báyìí? Bó bá lọ, ta ni n óò máa bá sọ̀rọ̀ nínú ilé?"

Ó ti ní kí Àbdùlàzéèzì má wò. Kò rántí pé ó létí. Èjìká ọmọkùnrin náà ń mì níbi tó kọjú sí ògiri, kò sì wẹ̀yìn síbẹ̀.

Fàúzíyàtù kúnlẹ̀, ó gbé orí lé ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀. Mo fẹ́ bínú, mo mú un lọ́kàn pé màá bínú gidi, ṣùgbọ́n omi ti ń bọ́ lójú mi. Ohun tí mo rí sọ kò ju èyí lọ: "Bánígbé ni, ẹ̀gbọ́n mi. Kì í ṣe ilẹ̀ Faransé. Zẹ́mì ń lọ síbẹ̀. Èmi náà sì wà, ẹnu mi kò tíì yadi."

Fọ́tò tó kàn ni Nàfísátù. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń bó ẹ̀gẹ́, ó gbójú sókè. Ẹ̀gbọ́n mi wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló nu imú rẹ̀.

"Àbdùlàzéèzì, yíjú padà. Wá bá mi sọ ọ́ di ńlá."

Ọmọkùnrin náà wá, ó sọ ọ́ di ńlá, ó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà tó nípọn, ó sì ṣí kọ́ńtì tuntun fún bàbá náà, tiẹ̀ nìkan. Kóòdù rẹ̀, Sàlámì ló sọ ọ́ sétí ọmọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Fàúzíyàtù ń wo ẹnu bàbá rẹ̀, Àbdùlàzéèzì ń wo ilẹ̀. Nígbà tí a fẹ́ jáde, ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Ní Jímọ̀ tó ń bọ̀, n óò lọ sí Bánígbé. Kí o má tíì lọ sí Kútọnu," ló wí. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọwọ́ fa ọ̀rọ̀ yòókù jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ní Jímọ̀ náà, lẹ́yìn ìrun, àwọn àgbà kún àgbàlá Àkàndé. Ọmọbìnrin kì í bá wọn jókòó sí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀, nítorí náà Fàúzíyàtù wà nílé lẹ́nu ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Àwọn obìnrin jókòó létí ògiri. Hàsíátù wà lẹ́yìn gbogbo wọn, ó ti da ìborùn bojú.

Àgbà ìdílé wọn, Àlàní, bi ẹ̀gbọ́n mi léèrè. "Sàlámì, a gbọ́ pé ìwádìí yín ní ọ̀rọ̀ tuntun. Ṣé ó ṣeé ṣe àbí kò ṣeé ṣe?"

Ọ̀rọ̀ ṣókí nìkan ni àṣà ń bi í. Ó bá dìde.

"Mo wá wádìí ilé yìí," ló wí. "Ẹ fún mi lóúnjẹ, mo jẹ ẹ́ tán. Mo bi ará ìlú, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kò dáa kan. Mo padà sílé, mo ní kò ṣeé ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá wárápá nínú ilé yìí, ẹ̀yin tí ẹ ń wá olè, ẹ má wá a mọ́. Kò sí níbẹ̀. Èmi ni ẹ̀rù ń bà láti dá gbé ilé, mo wá gbé ẹ̀rù mi lé ìdílé yìí lórí." Ó yà kúrò láàárín àwọn ọkùnrin, ó rìn lọ síbi tí àwọn obìnrin wà, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú Hàsíátù. "Ẹ dárí jì mí. Ọmọ yín dáa ju ohun tí mo ṣe fún un lọ."

Hàsíátù ṣí ìborùn kúrò lójú. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó dárí jì í. Àwọn obìnrin ya sọ́tùn-ún sósì, ó sì wá jókòó síwájú níbi tó ti máa ń jókòó. Àlàní wúkọ́. Ó ní òun dúpẹ́, ṣùgbọ́n òun kò tíì gbọ́ ìdáhùn.

"Ó ṣeé ṣe," Sàlámì wí.

Ariwo sọ. Mo yọ fóònù mi láti pe Fàúzíyàtù, mo wá rò ó pé kì í ṣe ẹnu mi ló yẹ kó ti gbọ́ ọ. Mo gbé e fún bàbá rẹ̀. Ó gbé e sétí, ó gbàgbé pé mo ti jẹ́ kí ohùn jáde síta.

"Ọmọ mi," ló wí, "gbé aṣọ ìyàwó rẹ sórí ẹ̀rọ."

Àbdùlàzéèzì ti dìde dúró.

"Ó ti wà níbẹ̀ láti àná, Bàbá," Fàúzíyàtù wí. "Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló kù kí n rán."